Owó Kọ́lẹ́ẹ̀jì Lórí Kírẹ́díìtì Káàdì: Bí Ẹ Ṣe Máa San Án Tí Kò Ní Di Gbèsè Ọlọ́dún Gbọọrọ

Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ni bíìlì sáà ẹ̀kọ́ tuntun máa ń jáde ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà. Òbí tó wà ní Houston tàbí Maryland mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ á fi fótò bíìlì ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ajé, á ní ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke, bí wọn ò bá sì san án, wọ́n lè yọ orúkọ òun kúrò nínú gbogbo kíláàsì tí òun ti forúkọ sílẹ̀ fún. Kírẹ́díìtì káàdì wà nínú pọ́ọ̀sì, àyè $10,000 wà lórí rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló sì gbà láti tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ dúró ná. Káàdì dára fún owó tí ẹ ti mọ ọjọ́ tó máa wọlé. Kò dára rárá fún owó tí ẹ ń retí pé Ọlọ́run á pèsè. Mi ò sọ pé Ọlọ́run kì í pèsè o. Báǹkì ni kì í dúró dè É.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gé bíìlì náà kù

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ jẹ. Ẹ ní kí ọmọ ṣí portal rẹ̀, ìyẹn ojú ìwé tirẹ̀ lórí ìkànnì sukúù, kí ẹ jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inṣọ́ránsì ìlera ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa ń kọ ọ́ mọ́ bíìlì akẹ́kọ̀ọ́ láìbéèrè, ó sì lè ju $2,000 lọ lọ́dún. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí ọmọ wà lórí inṣọ́ránsì òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 26, nítorí náà bí ibi iṣẹ́ yín bá ti ń bo ọmọ náà, ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí portal tí wọ́n ń pè ní waiver. Ẹ kún un, ẹ fi nọ́ńbà inṣọ́ránsì yín sí i, wọ́n á yọ owó náà. Fọ́ọ̀mù yìí ní ọjọ́ tó máa ń tì, bó bá sì ti tì, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo owó oúnjẹ náà. Ọmọ tó ń ti ilé wá sí kíláàsì kò nílò ètò oúnjẹ tó tóbi jù lọ, ọmọ tó ń gbé inú ọgbà sì lè mú èyí tó kéré jù tí wọ́n gbà á láyè láti mú. Ẹ wo owó ibi ìgbọ́kọ̀sí bákan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìrànwọ́ tó yẹ kó ti dín bíìlì náà kù ṣùgbọ́n tí kò hàn níbẹ̀. Owó àyálò ìjọba àpapọ̀ kì í dédé wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á lórí portal. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yá a, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Master Promissory Note lórí studentaid.gov, kó sì ṣe ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ tí wọ́n fi ń là á lóye nípa gbèsè. Ọmọ ọdún 18 tí orí rẹ̀ ti kún fún bó ṣe máa kó ẹrù wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì lè gbàgbé èyí pátápátá. Òbí á wá rí i pé bíìlì kù $2,750, á ní àfi káàdì, nígbà tó jẹ́ pé ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ló dá owó náà dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá owó tí èlé rẹ̀ kéré

FAFSA ni fọ́ọ̀mù tó ń ṣí ilẹ̀kùn ìrànwọ́ ìjọba. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá ló yẹ kó máa ṣí lọ́dọọdún fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Àwọn kan nínú wa kì í kún un, wọ́n ní owó tí àwọn ń gbà ti pọ̀ jù, tàbí pé àwọn ò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ní green card lè kún un, àwọn tí ìjọba ti gbà gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi náà lè kún un. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26, Pell Grant, owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọ ìdílé tí owó wọn kò pọ̀, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ $7,395, ẹ kò sì ní dá a padà. Ìdílé tí owó wọn ti kọjá ti Pell pàápàá gbọ́dọ̀ kún FAFSA kí ọmọ tó lè rí owó àyálò ìjọba gbà.

Ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí lè yá $5,500 lọ́dún kìíní, $6,500 lọ́dún kejì, $7,500 láti ọdún kẹta lọ, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju $31,000 lọ. Èlé rẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26 jẹ́ 6.39%. Ẹ fi èyí wé káàdì: láti ọdún 2023 ni èlé káàdì fún àwọn tó ń gbé gbèsè láti oṣù kan dé èkejì ti ju 20% lọ ní Amẹ́ríkà. Èlé nìkan kọ́ ló sì mú kí wọ́n yàtọ̀. Owó ìjọba kì í béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá kúrò ní sukúù, ètò wà láti fi iye tó ń gbà níbi iṣẹ́ ṣírò ohun tó máa san lóṣooṣù, bí ẹni tó yá a bá sì kú, gbèsè náà bá a lọ ni. Báǹkì tó ni káàdì fẹ́ owó tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ yìí.

Parent PLUS, èyí tí òbí fúnra rẹ̀ ń yá, wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: 8.94% lọ́dún ẹ̀kọ́ 2025–26, wọ́n sì ń yọ 4.228% kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé sukúù. Láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2026, òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá a kò lè yá ju $20,000 lọ lọ́dún fún ọmọ kan, tàbí $65,000 lápapọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ìjọba bá sọ pé àwọn ò lè yá òbí lówó nítorí pé ìwé kírẹ́díìtì rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó ṣe ń san gbèsè, ti bàjẹ́, ọmọ náà láǹfààní láti yá $4,000 sí i lórúkọ ara rẹ̀ ní ọdún méjì àkọ́kọ́, tàbí $5,000 láti ọdún kẹta. Ẹ má tijú tí wọ́n bá kọ̀ fún yín. Ẹ mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó.

Ọ́fíìsì kan náà yìí ni kí ẹ lọ bí nǹkan bá ti yí padà láti ìgbà tí ẹ ti kún FAFSA: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, ìgbéyàwó tú ká, àìsàn gba owó ilé. Owó ọdún méjì sẹ́yìn ni fọ́ọ̀mù náà ń wò. Wọ́n láṣẹ láti tún un wò bí ẹ bá kọ lẹ́tà, tí ẹ sì fi ẹ̀rí tì í. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ yìí. Tirẹ̀ ni skọ́láṣíìpù sukúù, iṣẹ́ inú ọgbà, àti owó tí àwọn ará ilé bá fi ránṣẹ́ láti báǹkì nípasẹ̀ Form A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra dọ́là ní báǹkì Nàìjíríà fún irú owó bíi ti sukúù. Ó tún ṣòro kó rí káàdì tó lè gbé owó sukúù, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní ìwé kírẹ́díìtì kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ètò sísan díẹ̀díẹ̀, àti àjọ

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè. Ọ̀pọ̀ jù lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ní ètò tó ń jẹ́ kí ẹ pín owó sáà kan sí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún láìsí èlé. Owó ìforúkọsílẹ̀ péré ni wọ́n ń gbà, kì í sábà tó $100.

Ká ní Ìyá Tọ́lá jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, tí $6,000 sì ṣẹ́ kù lórí bíìlì ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ìrànwọ́ ti wọlé. Ó forúkọ sílẹ̀ fún ètò yìí pẹ̀lú $45. Ó ń san $1,200 lóṣù fún oṣù márùn-ún. $45 yẹn nìkan ló ná an. Bó bá ṣe é nínú oṣù Keje ni o. Ẹni tó bá dúró di ìparí oṣù Kẹjọ lè rí i pé oṣù mẹ́ta ló kù nínú ètò náà, $1,200 á wá di $2,000 lóṣù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ, ẹ bá olórí àjọ yín sọ̀rọ̀ látìgbà tí ẹ bá ti ń pín oṣù pé oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kìíní lẹ fẹ́ kó. Ènìyàn mẹ́wàá, $600 lóṣù, $6,000 nìyẹn, kò sì sí èlé kankan nínú rẹ̀. Nínú àjọ wa, oṣù Kejìlá ni gbogbo ayé ń jà sí nítorí ọdún àti ìrìn àjò sílé, oṣù Kẹjọ kì í sábà le láti gbà. Ẹ ṣáà má fi káàdì gbówó jáde láti dá àjọ. Owó tí a bá fi káàdì gbà lẹ́nu ẹ̀rọ ATM ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èlé láti ọjọ́ yẹn gan-an, èlé rẹ̀ sì sábà máa ń ga ju ti ọjà lọ, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Ṣẹ́ẹ̀kì tí báǹkì máa ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà pé "ẹ lò ó fún ohunkóhun", ẹ ka àlàyé wẹẹrẹ ìdí rẹ̀ dáadáa. Irú owó kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bó bá di dandan kí ẹ lo káàdì, ẹ ṣírò rẹ̀ sórí bébà

Kọ́kọ́ béèrè bóyá sukúù yín ń gba káàdì rárá, torí pé àwọn kan kì í gbà á fún owó ẹ̀kọ́. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń gbà á ló ń fi owó lé e, nǹkan bíi 2.5% sí 3%. Lórí $6,000, bí wọ́n bá ń gba 2.85%, $171 ni ẹ máa fi ṣòfò kí èlé tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì yín san án tààrà, ọ̀pọ̀ sukúù kì í gba nǹkan kan lé e.

Àwọn ọ̀dọ́ á sọ fún yín pé points wà, ìyẹn èrè tí káàdì ń dá padà lórí owó tí ẹ bá ná. Káàdì tó ń dá 1.5% padà á fún yín ní $90 lórí $6,000. Ẹ ti san $171. Ẹ ti pàdánù $81, ẹ wá ń dúpẹ́ pé wọ́n fún yín lẹ́bùn.

Ibi mẹ́ta ni mo ti rò pé káàdì lè mọ́gbọ́n dání. Àkọ́kọ́ ni pé kí owó wà lójú ọ̀nà tí ọjọ́ rẹ̀ sì ti dájú: oṣù yín nínú àjọ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, skọ́láṣíìpù ti kọ̀wé pé oṣù Kẹsàn-án ni àwọn máa sanwó. Ẹ san án lórí káàdì, kí ẹ sì san gbogbo rẹ̀ padà kí ọjọ́ tó wà lórí sítétíméǹtì tó pé, èlé kankan ò ní wọ̀ ọ́, bí kò bá ti sí gbèsè tẹ́lẹ̀ lórí káàdì náà.

Èkejì ni káàdì tuntun tó ń fún ènìyàn lówó bó bá ti ná iye kan láàárín oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ní ẹ ná $1,000 kí àwọn fún yín ní $200, ẹ fi $1,000 péré nínú owó sukúù sórí rẹ̀. $28.50 ni ìdá 2.85 rẹ̀. Ẹ ti jèrè, bí $1,000 yẹn bá ti wà ní báǹkì yín tẹ́lẹ̀. Ìyókù, ẹ san án láti inú àkáǹtì.

Ẹ̀kẹta ni káàdì tí kì í gba èlé fún oṣù 12 sí 21 àkọ́kọ́. Èyí ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà, torí ó jọ owó ọ̀fẹ́. Ẹ mú $6,171, ìyẹn $6,000 pẹ̀lú $171 tí sukúù fi lé e, ẹ pín in sí oṣù 15 tí wọ́n fún yín, ẹ rí $411.40. Ẹ má san iye yẹn. Ẹ pín in sí 14, kí ẹ san $441, kí oṣù kan wà nílẹ̀ fún ìgbà tí mọ́tò bá bàjẹ́. Bí $441 bá pọ̀ jù fún owó tó ń wọlé yín, a jẹ́ pé káàdì yìí ò yẹ yín nìyẹn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ "no interest if paid in full" sí: bí $50 bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tó parí, wọ́n á padà ka èlé gbogbo oṣù tó ti kọjá lé yín lórí, láti ọjọ́ kìíní.

Kí ẹ tó tẹ "pay", ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ẹ sọ fún wọn pé owó sukúù tó tóbi ń bọ̀. Bí ẹni tó máa ń ra epo $40 bá dédé ná $6,000 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ wọn lè rò pé olè ni, kó sì dí i. Ẹ wo bó ṣe máa rí lára credit score yín náà, nọ́ńbà tí báǹkì fi ń díwọ̀n bí ẹ ṣe ń san gbèsè: bí gbèsè bá ti ju nǹkan bí 30% àyè tó wà lórí káàdì lọ, ó sábà máa ń já wálẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé tàbí mọ́tò láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Orúkọ ta ni?

Lábẹ́ òfin káàdì ti ọdún 2009, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 kò lè gba káàdì lórúkọ ara rẹ̀ àfi bó bá fi hàn pé òun ní owó tó ń wọlé tó tó san án, tàbí kó ní onídùúró. Onídùúró yẹn lè jẹ́ ẹ̀yin. Mi ò rò pé ó yẹ kí òbí dúró fún káàdì tí ọmọ máa fi san owó sukúù. Bí ọmọ bá ṣàṣìṣe, ìwé ẹni méjì ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ yín ni báǹkì sì ti máa gbà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ọmọ ní ìwé kírẹ́díìtì tó dára, ẹ fi orúkọ rẹ̀ kún káàdì yín àtijọ́ tí ẹ máa ń san déédéé. Ẹ ò tilẹ̀ nílò láti kó káàdì náà lé e lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbèsè náà láti ọ̀sẹ̀ kìíní

Ká ní Ìyá Tọ́lá ti fi $6,000 náà sórí káàdì tó ń gba 22%, kò sì rí i san tán nígbà tí sítétíméǹtì dé. Èlé ojoojúmọ́ jẹ́ $3.62. Lóṣù kan, nǹkan bí $110. Báǹkì tirẹ̀ ní owó tó kéré jù tó lè san ni 1% gbèsè pẹ̀lú èlé oṣù, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí $40. Oṣù àkọ́kọ́, $170 nìyẹn. Ó san án, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. $60 péré ló kúrò lára gbèsè.

Bó bá ń bá a lọ báyìí láìfi nǹkan kan kún un, yóò ju ọdún 16 lọ kó tó parí, èlé tó máa san á sì ju $9,000 lọ. Tọ́lá á ti máa lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ nítorí ọmọ tirẹ̀. Bó bá san $230 lóṣù, ọdún mẹ́ta, èlé rẹ̀ nǹkan bí $2,250. Bó bá rọ́gbọ́n dá $562 lóṣù, ọdún kan, èlé rẹ̀ kò ju nǹkan bí $740 lọ. Ẹ ò nílò láti ṣírò tiyín fúnra yín: òfin ọdún 2009 náà sọ ọ́ di dandan kí àpótí kékeré kan wà lórí sítétíméǹtì yín tó ń fi hàn bó ṣe máa pẹ́ tó bí ẹ bá ń san èyí tó kéré jù, àti iye tí ẹ máa san lóṣù kó lè parí lọ́dún mẹ́ta. Ẹ wá àpótí yẹn. Iye ọdún mẹ́ta yẹn ni kí ẹ fi ṣe èyí tó kéré jù.

Ẹ jẹ́ kí báǹkì máa yọ owó tó kéré jù fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kó má bàa di pé ẹ gbàgbé. Ìyókù, ẹ máa fi ọwọ́ ara yín san án lọ́jọ́ tí owó iṣẹ́ bá wọlé. Àwọn tó ń gbowó lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ pín in sí méjì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò èlé, $115 tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ti dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀.

Ẹ má fi káàdì yẹn ra ohunkóhun mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí gbèsè ti wà lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ káàdì kì í fún yín ní àyè tí kò sí èlé mọ́. Ìrẹsì àti ẹja tí ẹ rà lónìí ti ń jẹ èlé lónìí. Ẹ lọ sórí ápù báǹkì, ẹ tì í pa. Bó bá jẹ́ káàdì mẹ́ta ni gbèsè wà lórí wọn, ẹ san owó tó kéré jù lórí méjì, kí ẹ kó gbogbo agbára yín lé èyí tí èlé rẹ̀ ga jù lórí. Àwọn kan fẹ́ràn láti kọ́kọ́ pa èyí tó kéré jù kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bí èyí tó kéré yẹn ò bá ju igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún dọ́là lọ, mo gbà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa bá èyí tí èlé rẹ̀ ga jù jà.

Ọ̀rọ̀ ilé náà ńkọ́? Ẹ ò lè máa san 22% ní Houston kí ẹ tún máa fi owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ó le. Òbí tó ń ra oògùn yàtọ̀, a ò sọ̀rọ̀ tiwọn níbí. Ṣùgbọ́n ẹ pe àwọn ìyókù, ẹ dá oṣù fún wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, owó sukúù Tọ́lá wà lọ́rùn mi títí di oṣù Karùn-ún, ẹ má bínú, ẹ fojú fò mí nínú aṣọ ti ayẹyẹ yìí." Wọ́n máa ń gbọ́ ọ ju bí a ṣe rò lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí gbèsè náà bá ti wọ̀ yín lọ́rùn

Ẹ pe báǹkì kí ẹ tó pàdánù ìsanwó kan, ẹ má dúró dìgbà tó bá di mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ló ní ètò fún ẹni tí nǹkan le fún, tí wọ́n fi ń dín èlé kù fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n wọn kì í polówó rẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ máa sọ kò ju mẹ́ta lọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, iye tí ẹ lè san lóṣù, àti pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ní "hardship program". Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní kò sí, ẹ ní kó so yín pọ̀ mọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹni tí credit score rẹ̀ ṣì dára lè kó gbèsè lọ sórí káàdì míì tí kì í gba èlé. 3% sí 5% ni wọ́n sábà máa ń gbà: $5,000, 4%, $200. Ẹ pín $5,200 sí oṣù 18, ẹ rí $289. Tàbí kí ẹ lọ yáwó ní credit union, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣe iṣẹ́ báǹkì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin kò jẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ gba ju 18% lọ lórí ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n ń yá ènìyàn. Ẹ má fi ilé yín dúró fún gbèsè káàdì. Báǹkì ò lè dédé gba ilé nítorí gbèsè káàdì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ilé yá owó láti san án, ẹ ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Bí èyí náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ wá agbaninímọ̀ràn tó wà lábẹ́ National Foundation for Credit Counseling, NFCC. Àjọ tí kì í ṣe fún èrè ni. Wọ́n á wo gbogbo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, wọ́n á sì bá àwọn báǹkì sọ̀rọ̀ kí èlé lè wálẹ̀, ẹ ó wá máa san iye kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ ti àwọn káàdì náà pa. Ẹ má ṣì wọ́n mú fún àwọn tó ń polówó pé àwọn á "pa gbèsè yín rẹ́ ní ìlàjì". Wọ́n á ní kí ẹ má san báǹkì mọ́, ìwé yín á bàjẹ́, báǹkì lè pè yín lẹ́jọ́, gbèsè tí wọ́n bá sì dárí jì yín lè di owó tí ẹ máa san owó orí lé lórí. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó ń fi fóònù polówó irú iṣẹ́ yìí gbowó lọ́wọ́ yín kó tó yanjú gbèsè kankan. Bí wọ́n bá ti béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pa fóònù.

Láyé àtijọ́, ológò ló máa ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á máa pariwo, á máa jẹ nínú oúnjẹ ilé rẹ̀ títí owó á fi jáde. Agbowó-gbèsè ti Amẹ́ríkà, orí fóònù ló ń dógò sí, òfin ọdún 1977 sì ti so ó lọ́wọ́. Kò gbọ́dọ̀ pè yín ṣáájú aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò gbọ́dọ̀ bú yín, kò gbọ́dọ̀ halẹ̀ mọ́ yín pé àwọn á tì yín mọ́lé. Ẹ láǹfààní láti fi lẹ́tà béèrè láàárín ọjọ́ 30 pé kó fi ẹ̀rí hàn pé gbèsè náà jẹ́ tiyín. Òfin yìí wà fún ẹni tó ń gbówó fún ẹlòmíì, kì í sábà mú báǹkì tó ni gbèsè náà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣèlérí owó kankan lórí fóònù kí ẹ tó rí ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwé tí ẹ máa tọ́jú de ìgbà owó orí

Owó tí ẹ yá láti san owó ẹ̀kọ́ ni ìjọba kà sí owó tí ẹ san, káàdì náà sì wà nínú rẹ̀. Ìdílé tí owó wọn kò kọjá òṣùwọ̀n lè gba American Opportunity Tax Credit, tó tó $2,500 lọ́dún lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan, fún ọdún mẹ́rin. $1,000 nínú rẹ̀ lè padà sọ́wọ́ yín bí ẹ ò bá tilẹ̀ jẹ owó orí. Sukúù á fi fọ́ọ̀mù 1098-T ránṣẹ́, ẹ̀yin á kún fọ́ọ̀mù 8863. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ìwé kíkà náà, torí pé wọn kì í sí lórí 1098-T, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba ń ka owó ìwé mọ́ owó ẹ̀kọ́ fún ẹ̀dínwó yìí.

Èlé orí káàdì náà lè wọ inú èlé owó ẹ̀kọ́ tí IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ń jẹ́ kí ẹ yọ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, tó lè dé $2,500 lọ́dún. Àfi bí káàdì náà bá jẹ́ ti owó ẹ̀kọ́ nìkan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti fi ra epo mọ́tò lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti pinnu pé káàdì lòun máa lò, kó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún sukúù láti ọjọ́ kìíní. Bí ọmọ bá já kíláàsì sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí sukúù ṣì ń dá owó padà, orí káàdì kan náà ni owó á padà sí, yàtọ̀ sí 2.85% tí wọ́n ti gé. Ẹ wo ọjọ́ yẹn lórí kàlẹ́ńdà sukúù, ẹ fi sínú fóònù ọmọ àti tiyín.